Ẹ má fi ìbínú tẹ "rematch"

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Abẹ́òkúta, tí ariwo ọ̀kadà rọlẹ̀ díẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́, eré mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọ poli ní Òjéèrè, ọmọ FUNAAB ní Àlàbàtà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìtọ́kú, oníkálukú ń ta chess oníṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ẹni tí kò mọ̀ rí ní Íńdíà tàbí Brazil. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ o. Ó sàn ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń fi fóònù ṣe lọ. Aago kan òru ni wàhálà máa ń dé, nígbà tí ẹni tó ní ìdánwò láago mẹ́jọ àárọ̀ bá ti pàdánù lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, tó ń pòṣé, tó ń ṣépè fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, tó sì ń wí pé: "Ẹyọ kan péré, kí n gba point mi padà, màá sùn."

Ẹyọ kan péré yẹn ni mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, blitz ni wọ́n ń pe chess tí wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí márùn-ún láti fi ta gbogbo ayò náà tán. Bullet tún yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú kan ni. Bí àkókò yín bá tán, ẹ ti pàdánù nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kódà bí ayaba yín bá ṣì dúró digbí. Nẹ́tíwọọ̀kì lè já, fóònù lè kú, aago kò ní dúró dè yín. Ká má tan ara wa, eré tó lè múnú bíni ni.

Ṣùgbọ́n aago kọ́ ló ń bí ọ̀pọ̀ nínú jù. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé wọ́n gbà pé kò yẹ kí àwọn pàdánù rárá. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣírò rating. Arpad Elo, ọmọ Hungary tó di olùkọ́ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ló gbé ìṣirò náà kalẹ̀, FIDE tó jẹ́ àjọ chess àgbáyé sì tẹ́wọ́ gbà á lọ́dún 1970. Irú ìṣirò yìí, tí wọ́n ti tún ṣe, ni àwọn ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò. Bí ẹ bá borí, point yín á lọ sókè, wọn á wá ẹni tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún yín. Bí ẹ bá pàdánù, á wálẹ̀, wọn á wá ẹni tó rọ̀ díẹ̀. Ẹgbẹ́ yín gan-an ni ẹ̀rọ náà ń wá fún yín, títí ẹ ó fi máa borí nǹkan bí ìdajì, tí ẹ ó sì máa pàdánù ìdajì. Kódà, bí ẹ bá fi 100 point ju ẹnì kan lọ, nínú 100 point tó wà nílẹ̀ láàárín yín, nǹkan bí 64 ni ìṣirò Elo fún yín. Tirẹ̀ ni 36 yòókù. Kò jí i.

Ẹ wá gbé e yẹ̀ wò bí ìgbà téèyàn ń ju owó ẹyọ sókè, ká yọ ọ̀mì kúrò níbẹ̀. Kí ẹ̀yìn owó náà hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, ẹ̀ẹ̀kan nínú 32 ni. Ẹni tó bá ta blitz 100 lóṣù kan, ó ṣòro kó má rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò tíì di òpè, orí yín kò sì burú. Ìṣirò lásán ni. Ẹni tí kò mọ èyí ló ń rò pé ayé ń bá òun jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ń le nìyí. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ poker ní orúkọ tí wọ́n ń pè é: tilt. Inú ti bí èèyàn, kò wo ohun tí alátakò ṣe mọ́, ohun tí òun fẹ́ gbà padà ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ á máa yá sí i, ojú rẹ̀ á máa ṣókùnkùn sí i. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù èyíkéyìí ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, irú ojú kan náà lẹ máa bá níbẹ̀, àfi pé owó ilé ni wọ́n ń lé kiri níbẹ̀, kì í ṣe point. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹni tó bá sọ ọ́ dàṣà láti máa lé ohun tó sọnù nínú eré tí kò ná an ní kọ́bọ̀, ó lè lé e ní ibi tí owó oṣù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá sì kọ́ bí wọ́n ti ń dìde lórí chess, ó ti kọ́ nǹkan tó pọ̀.

Nínú òfin, ẹni tó pàdánù kì í sáré. Abala 24 nínú òfin ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún ẹni tí ìdájọ́ àṣekágbá kò tẹ́ lọ́rùn ní oṣù mẹ́ta láti pẹjọ́, bí kì í bá ti ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn, lọ́yà á jókòó, á ka ìdájọ́, á wá ibi tí adájọ́ ti ṣì í. Kò sí lọ́yà tó máa kọ ọ́ sínú ìwé pé "inú ń bí oníbàárà mi" kí wọ́n fi dá a láre. Àwa wá ń kọ́? Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta la fi ń tẹ "rematch".

Àwọn bàbá wa náà mọ̀ ọ́n. Nídìí ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi ẹni tó pàdánù ṣe kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ń dúró. Ẹni tó pàdánù á dìde, á fún un láyè, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa wòran. Kó tó tún kàn án, ara rẹ̀ á ti balẹ̀. Kò sí ẹni tó ń dúró dè yín lórí fóònù, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín pé "dìde, ó kàn mí." Àfi kí ẹ gbé ara yín dìde.

Ẹnì kan á ní: "Eré kíákíá ni, ẹ tún ní ká ṣe sùúrù?" Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ rántí Lísàbí. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ń ni àwọn Ẹ̀gbá lára, Lísàbí kò kàn fi ìbínú fa idà yọ. Àáró ló dá sílẹ̀, wọ́n ń bá ara wọn ro oko, abẹ́ àáró náà ló sì ti kó ogun jọ. Nígbà tí ọjọ́ pé, kíákíá ni wọ́n ṣe é. Ọwọ́ lè yá kí inú má gbóná.

Kì í ṣe pé ẹni ńlá kì í bínú. Ní June 2025, ní ìdíje Norway Chess, Magnus Carlsen pàdánù sọ́wọ́ Gukesh, ọmọ Íńdíà ọdún 19, ó sì fìkúùkù lu tábìlì títí ọmọ ayò fi fò sókè. Gbogbo ayé rí i. Àmọ́ ó bọ Gukesh lọ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó dìde. Nígbà tí ìdíje náà fi máa parí, òun ló gba ipò kìíní. Túndé Ọ̀nàkọ́yà tiwa náà ńkọ́? Ní April 2024, òun àti Shawn Martinez ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, kí wọ́n tó tún ta á fún wákàtí 64 lọ́dún 2025. Síbẹ̀, òfin eré àṣemọ́jú yẹn fún wọn ní ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ti Guinness, ta ló ní kí ẹ má sinmi?

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ fi òfin lélẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí inú ń bí kì í lè ṣòfin: bí ẹ bá pàdánù méjì léraléra, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ lọ mu omi. Ẹ yan eré tó ń fi ìṣẹ́jú àáyá kún àkókò yín, bíi 3+2, kí nẹ́tíwọọ̀kì má baà fi gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ dá yín. Ẹ pa chat, kí ẹnikẹ́ni má rí ibi bú yín. Lórí Lichess, ẹ lè fi rating pa mọ́ kí ẹ má máa rí i. Bí ẹ bá sì fura pé ẹnì kan ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ fi ẹjọ́ sùn, ẹ má bú u. Chess.com máa ń dá point padà fún ẹni tí ọ̀jọ̀lọ̀ bá rẹ́ jẹ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ padà wo eré tí ẹ pàdánù, ìṣẹ́jú méjì ti tó. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. "Rematch" ni iwájú tí ọmọdé ń wò. Ohun tó gbé yín ṣubú ṣì wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó ń dúró dè yín. Ẹ wò ó, kí ẹ tó lọ sùn.