Kí Ẹ Tó Fi Ọkọ̀ Ẹlẹ́ńjìnnì Kékeré Gba Ojú Òkun

Àwa tí a bí sí Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dà tàbí Akànrán, orí ilẹ̀ ni ìrìn wa. Ẹni tí ó bá mọ omi púpọ̀ nínú wa, adágún Aṣéjìrẹ́ ni ó mọ̀, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun. Bí ènìyàn bá dúró létí adágún náà, yóò rí igi ní òdì kejì. Òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ọmọ wa ń lọ sí Èkó, wọ́n ń ṣòwò dé Kútọnu àti Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan lè sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé ọkọ̀ kékeré kan yóò gba ojú òkun lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni àwọn nǹkan tí ó yẹ kí ẹ ti parí lórí ilẹ̀ kí ẹ tó wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó wà á, ìbáà ṣe pé wọn yóò kàn gbé yín ni.

Ọ̀nà omi méjì ni ó wà láti Èkó dé ilẹ̀ Benin, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Dàhòmì títí di ọdún 1975. Ọ̀kan ni ọ̀sà. Ó gba ẹ̀yìn etíkun, ó kọjá Àgbádárìgì, ó sì dé Àjàṣẹ́; ilẹ̀ yanrìn ni ó dínà ìgbì òkun fún un. Ọ̀nà yìí ni àwọn baba wa tí ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ ṣòwò ń gbà, wọn kì í sì í ṣe ojo. Ọ̀nà kejì ni ojú òkun gan-an, láti ẹnu èbúté Èkó lọ sí Kútọnu. Ní gbogbo ìrìn yìí, etíkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ẹ sì lè máa wò ó, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìgbì ń fọ́ lu iyanrìn náà tọ̀sán-tòru, ó sì lè dojú ọkọ̀ dé. Kí wọ́n tó ṣí èbúté ńlá Kútọnu ní 1965, ọkọ̀ ńlá a máa dúró lókèèrè, ọkọ̀ kékeré a sì máa já ẹrù wá sídìí afárá gígùn kan tí wọ́n nà wọ inú òkun. Ìgbì yìí ni ó fà á. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ẹ kò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni tí ọ̀kadà rẹ̀ bàjẹ́ ní ọ̀nà Ìwó. Ní tèmi, ẹni tí kò tí ì gba ọ̀sà dé Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, òkun kò tí ì kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Láti ẹnu èbúté Èkó dé Kútọnu tó nǹkan bí 108 kìlómítà. Ká ní ọkọ̀ yín ń sá 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ ó sọ pé wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ti tó. Kò tó, nítorí omi òkun fúnra rẹ̀ ń rìn. Ìṣàn omi ńlá kan wà ní etíkun wa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìṣàn Guinea. Láti ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, ó ń lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹni tí ó ń lọ sí Kútọnu ń ta kò ó. Ẹni tí ó ń padà bọ̀, ìṣàn náà ń tì í lẹ́yìn. Bí ó bá ń rìn ní 2 kìlómítà ní wákàtí kan, 18 péré ni ọkọ̀ yín ń rí rìn, wákàtí 6 gbáko ni ẹ ó sì lò. Àbọ̀ kò ní tó wákàtí 5.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń mu lítà 20 ní wákàtí kan, àlọ nìkan gba lítà 120. Àwọn àtukọ̀ tí ó gbọ́n a máa pín epo sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kò sí epo ní Kútọnu. Ojú ọjọ́ lè yí padà nígbà tí ẹ bá kù díẹ̀ kí ẹ débẹ̀, kí ó sì di dandan pé kí ẹ padà. Ó di lítà 360 nìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí 270 kílò, bí àgbàlagbà mẹ́rin. Ọkọ̀ tí ó bá gbé epo yìí gbọ́dọ̀ dín èrò kù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ti ń ṣe ohun tí kò dára: owó ọkọ̀ ènìyàn mẹ́rin dùn, wọ́n á sì fi kẹ́ẹ̀gì epo sílẹ̀ ní èbúté. Ẹ bi wọ́n ní lítà epo tí wọ́n gbé. Bí inú bá bí wọn, kò burú.

Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta lábúlé mọ̀ pé ìdọ̀tí a máa sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Lórí ọ̀sà tí ó dákẹ́, ó lè sùn síbẹ̀ fún ọdún kan. Lójú òkun, ìgbì á mi táǹkì náà bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣan ìgò. Omi àti ìdọ̀tí á dìde, wọ́n á di asẹ́ epo, ẹ́ńjìnnì tí kò dákẹ́ rí á sì kú ní ibi tí ìgbì ti le jù. Nítorí náà ẹ tú táǹkì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ epo kí ẹ tó rọ ọ́ sínú rẹ̀. Ẹ mú asẹ́ tuntun àti pulọ́ọ̀gì dání, pẹ̀lú ẹni tí ó mọ bí a ti ń pààrọ̀ wọn nínú ọkọ̀ tí ń mì. Ìdákọ̀ró pẹ̀lú okùn gígùn, àjẹ̀ àti igbá tí a ó fi gbọ́n omi kò gbọdọ̀ sí nílé.

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹjọ, ìgbì ńláńlá tí ìjì ọ̀nà jíjìn ní ìhà gúúsù bí a máa dé etíkun wa, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn níbí. Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá ń parí, ìjì òjijì a máa ti ìlà-oòrùn wá. Lásìkò ọyẹ́, kùrukùru eruku a máa bo etíkun mọ́ni lójú, kọ́ńpáàsì nìkan ni ó sì kù tí yóò tọ́ni. Ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ ti NiMet lálẹ́ àná àti láàárọ̀. Kí ẹ sì fẹnu kò lórí ilẹ̀ nípa ohun tí yóò mú yín padà, nítorí lójú omi, ojú á máa ti àtukọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti sanwó.

Ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó, wíwọ̀ ni ẹ ó wọ̀ ọ́, ẹ ó sì so ó. Mo ti rí àwọn tí wọ́n fi ṣe tìmùtìmù. Ẹni tí ó mọ̀wẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wá èyí tí ó bá ọmọdé mu, nítorí ti àgbàlagbà á yọ́ bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Àjọ NIWA, tí ń mójú tó omi inú ilẹ̀ wa, ti fòfin de ìrìn òru lórí omi. Ẹ má bá ẹni tí ó ní òru ló rọrùn lọ. Àwọn ọlọ́ṣà orí omi pẹ̀lú wà ní òkun wa yìí.

Fóònù yín yóò dákẹ́ bí ẹ bá jìnnà sílẹ̀. Rédíò ojú omi ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú kẹrìndínlógún rẹ̀ sì ni gbogbo ayé fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ tún kọ ìwé kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: àwọ̀ ọkọ̀, orúkọ gbogbo èrò, aago tí ẹ ṣí, aago tí ẹ ó dé, àti aago tí ó gbọ́dọ̀ figbe ta bí kò bá gbúròó yín. Aago Kútọnu àti tiwa dọ́gba, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ti ìwé àṣẹ kò le. Láti ìgbà àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Benin fún 90 ọjọ́ láì gba físà, bí ó bá ní ìwé ìrìnnà tí ó péye àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ṣùgbọ́n ẹ gúnlẹ̀ sí èbúté tí àwọn aṣọ́bodè wà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀. Bí ẹ bá sì ti dé, kí ẹ tó wá oúnjẹ, ẹ pe ẹni tí ìwé yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má baà figbe ta, kí wọ́n má sì máa wá ẹni tí ó ti wà lórí ilẹ̀ kiri inú òkun.