Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbéyàwó, ìyàwó fi kíríìmù irorẹ́ jó ojú ara rẹ̀! Ẹ wo bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ lo oògùn náà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn tó ń ṣẹlẹ̀ sí ni kì í sọ ọ́ síta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. N ò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ó ti di ìyá ọmọ báyìí, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ kì í fi ìwé ìròyìn ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ jàre, bóyá ẹlòmíì á fi kọ́gbọ́n."

Bọ́rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti wà ní yunifásítì ni irorẹ́ ti ń dà á láàmú. Bó bá gbẹ níwájú orí, á yọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá gbẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, á tún yọ ní àgbọ̀n. Kò sí ohun tí kò tíì fi sí i. Ó ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, ó ti fi ọṣẹ ìfọyín sí i, ó ti fi sípíríìtì nù ún títí tí ojú fi ń ta á bí ẹni fi ata sí i. Nígbà tí ìgbéyàwó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí, tí wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn, tí ẹni tó máa ya fọ́tò ti gba àsansílẹ̀, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ pè é sí kọ̀rọ̀, tó ní, "Ṣó o rí ojú mi tó ń dán yìí? Tretinoin ni o. Lọ rà á."

Ọmọ yìí ò gba ọ̀dọ̀ dọ́kítà lọ, kò bi apòògùn kankan léèrè. Ọjà ló gbà lọ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá oníìpara tó bá níbẹ̀ kó túùbù mẹ́ta síwájú rẹ̀: 0.025%, 0.05% àti 0.1%. Ìyá náà ní, "Èyí ló lágbára jù, Àǹtí, kíá ló ń ṣiṣẹ́." Ẹni tó ń kánjú kì í bèèrè ohun tí agbára náà ń ṣe. Èyí tó lágbára jù ló gbé. Láàárọ̀, lálẹ́, ó ń fi í kun ojú bí ẹni ń kun ògiri. Orí ìpara àpòpọ̀ tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ ló ń fi í lé, kò sì yéé fi kàn-ìn-kàn-ìn gbo ojú.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, omi lásán ò ṣe é bọ́jú mọ́. Lọ́jọ́ keje, awọ ojú ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ wá gbọ́ ohun tó sọ: ó ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn! Ló bá tún fi kún un. Oòrùn ibùdókọ̀ sì ń pa á láràárọ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, páúdà kọ̀, kò dúró. Bí ẹni tó ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ló ń ṣí kúrò. Gbogbo ibi tó bó ti di àpá dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá lọ, ó sunkún kí wọ́n tó mú ìyàwó jáde. Fọ́tò ọjọ́ náà wà nílé wọn dòní, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni wọ́n gbé e kọ́ sí.

Ẹ lè máa wí pé, "A jẹ́ pé oògùn burúkú ni nìyẹn." Rárá o! Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Oògùn gidi ni tretinoin. Láti ọdún 1971 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún irorẹ́, àwọn dọ́kítà awọ ara sì ń kọ ọ́ fún àwọn èèyàn títí dòní. Oògùn tó dára ló bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fa irorẹ́. Awọ wa ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí irun ń gbà hù jáde, ọ̀rá sì ń gbabẹ̀ ṣàn. Bí ọ̀rá bá pọ̀ jù, tí awọ tó ti kú bá dí ẹnu ihò náà, ọ̀rá á há sínú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú awọ á máa pọ̀ sí i níbẹ̀, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gba ọyún. Ẹbí fítámì A ni tretinoin. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí awọ tó ti kú dí ẹnu ihò. Ìdí irorẹ́ ló ń jà sí, kì í ṣe orí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í yá. Irorẹ́ tẹ́ ẹ rí lónìí ti ń dìde bọ̀ lábẹ́ awọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn.

Ìtàn oògùn náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Albert Kligman, dọ́kítà awọ ara ní Yunifásítì Pennsylvania l'Ámẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ ọ́ di oògùn irorẹ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń fi awọ ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n Holmesburg, nílùú Philadelphia, dán oríṣiríṣi nǹkan wò láti 1951 títí di 1974, tretinoin sì wà lára ohun tí wọ́n dán wò níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ ohun tí wọ́n ń fi sí wọn lára. Ọdún 2022 ni ìjọba ìlú Philadelphia ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àforíjì. Awọ èèyàn bíi tiwa ni wọ́n fi mọ agbára oògùn yìí. Kò yẹ ká tún máa fi awọ tiwa dán an wò lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ilé wa.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Ẹ mú bírò.

Èyí tó kéré jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn 0.025%. Dọ́kítà sì lè fún yín ní àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ adapalene 0.1%, èyí tí kì í ta awọ tó tretinoin. Alẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi í sójú, nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń ba tretinoin jẹ́. Ọṣẹ tí kò le àti ọwọ́ lásán ni kẹ́ ẹ fi fọ ojú. Ẹ gbé kàn-ìn-kàn-ìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì tẹ omi kúrò lójú, ẹ má gbo ó. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ojú gbẹ dáadáa, nítorí oògùn náà máa ń ta ojú tó bá tutù.

Ìwọ̀n bí ẹyọ ẹ̀wà kan ló tó fún gbogbo ojú. Mo ní ẹyọ kan o! Ẹ fi ìka tò ó sí iwájú orí, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, sí àgbọ̀n, kẹ́ ẹ wá rọra tẹ́ ẹ káàkiri. Kì í ṣe orí irorẹ́ tó ti yọ nìkan lẹ máa fi sí, torí èyí tí kò tíì yọ lẹ ń dènà. Ẹ má jẹ́ kó kan ẹ̀bá ẹyinjú, kọ̀rọ̀ imú àti ètè.

Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Bí ojú bá gbà á fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ẹ lè máa lò ó ní alẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ fi alẹ́ ọjọ́ kejì sinmi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni alálaalẹ́ tó kàn, bí dọ́kítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ojú bá ń gbẹ, ẹ fi ìpara lásán tí kò ní lọ́fínńdà nínú sí i, ṣáájú oògùn tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ètè gbogbo ayé ń là, ẹ dín iye alẹ́ tẹ́ ẹ fi ń lò ó kù.

Bílẹ̀ bá mọ́, ẹ fọ ojú, kẹ́ ẹ fi ìpara adènà-oòrùn sí i, èyí tí àwọn ọmọ ìsinyìí ń pè ní sunscreen, tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára. Ẹ má sọ pé, "Adúláwọ̀ ni mí, oòrùn ò lè ṣe mí ní nǹkan kan." Oògùn yìí máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè pa awọ, oòrùn sì máa ń jẹ́ kí àpá dúdú dúdú sí i. Fìlà àti agboòrùn kì í ṣe fún ìyá arúgbó nìkan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí o. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, irorẹ́ lè pọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má fi kún oògùn, ẹ má sì tìtorí ẹ̀ jù ú nù. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjìlá kí èèyàn tó lè sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kí ojú gbẹ díẹ̀, kó máa ṣí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ń jó bí iná, bó bá wú, bó bá ń ṣomi, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ lọ rí dọ́kítà. Awọ dúdú tí wọ́n bá dá lóró kì í gbàgbé: ibi tó bá ti bó ló ń di àpá, àpá náà sì lè lo oṣù púpọ̀ lójú lẹ́yìn tí irorẹ́ ti lọ. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í ni ni lára. Àfi bí ẹni pé tretinoin ni wọ́n ń pa á mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìpara àpòpọ̀ ńkọ́? Àwọn túùbù kan wà lọ́jà tí wọ́n po tretinoin pọ̀ mọ́ hydroquinone àti steroid, tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ bóra àti ẹni tó ní irorẹ́ papọ̀. Kligman yẹn náà àti ẹnì kejì rẹ̀, Willis, ló gbé irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1975, ṣùgbọ́n fún àwọ̀ tó ti ṣókùnkùn lójú ni, dọ́kítà ló sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìpara ojoojúmọ́, steroid á mú awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, irorẹ́ mìíràn á yọ, hydroquinone tó bá sì pẹ́ lára lè sọ ojú di dúdú bíi ti ẹni tí iná jó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo tretinoin, ẹ fi àwọn ìpara abóra, ọṣẹ tó ń ha awọ àti wáàsì tí wọ́n fi ń fa irun ojú sílẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tẹ́tí sí èyí dáadáa. Bẹ́ ẹ bá lóyún, tàbí tẹ́ ẹ ń wá oyún, ẹ má fi í sójú, ẹ sọ fún dọ́kítà. Ẹbí rẹ̀ kan tí wọ́n ń gbé mì, isotretinoin, lè sọ ọmọ inú di aláàbọ̀ ara. Lóòótọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ti kíríìmù tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn dọ́kítà kì í fi oyún ta tẹ́tẹ́. Oògùn mìíràn tó bá aboyún mu wà, bí azelaic acid.

Bẹ́ ẹ bá ń rà á, ilé oògùn tó ní apòògùn gidi ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ mú ìwé dọ́kítà dání, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Èyí tí wọ́n bù sínú ike kékeré, tí kò ní orúkọ lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bù ú. Ó ṣe tán, kì í ṣe gbogbo ohun tó wú lójú ni irorẹ́. Èyí tí abẹ fífá irùngbọ̀n ń fà fún àwọn ọkùnrin yàtọ̀, èyí tí ìpara irun ń fà níwájú orí náà yàtọ̀. Dọ́kítà ló lè sọ èyí tó jẹ́.

Ọmọ wa ńkọ́? Oṣù kejì lẹ́yìn ìgbéyàwó ló tó gbà láti lọ rí dọ́kítà awọ ara. Dọ́kítà gba gbogbo ìpara ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ojú sinmi ná. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá kò sí oyún, kó tó kọ 0.025% fún un, ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọmọ náà ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé wọ́n ń fi òun ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹrin, irorẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àpá ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò dé, kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó dáwọ́ oògùn dúró, ó gba ọ̀dọ̀ dọ́kítà lọ.

Níbi ìsọmọlórúkọ, èmi gan-an ni mo ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Kò kun páúdà rárá. Fọ́tò yẹn ni wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà, níbi tí ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ bà.