Láti Màpó dé Ọ̀yọ́: Ta ló máa jẹ́rìí eré ẹ?

Bí èèyàn bá ń fọ́nnu pé òun mọ eré í sá, ohun tí ará Ìbàdàn máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Níṣojú ta ni?" Ìbéèrè yìí gan-an ló wà nídìí eré kan tó ti gbòde láàárín àwọn sárésáré lókè òkun, tó sì yẹ káwọn ọ̀dọ́ wa ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká mọ̀ nípa ẹ̀.

Eré náà kò ní ìdíje nínú. Kò sí ẹni tó máa yìnbọn kí wọ́n tó gbéra, kò sí ẹgbẹ́ tó ṣètò ẹ̀, kò sì sí owó tó ń dúró de ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní. Ńṣe lèèyàn á mú ọ̀nà jíjìn kan tí gbogbo ayé mọ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ẹ̀, á gbéra lọ́jọ́ tó wù ú, á sì gbìyànjú láti yá ju gbogbo ẹni tó ti sá a ṣáájú ẹ̀ lọ. Aago ló ń bá du ú.

Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbọ̀ngàn ìlú San Francisco sí gbọ̀ngàn ìlú New York fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 5,000. Lọ́dún 1980, Frank Giannino fi ọjọ́ 46 àti wákàtí mẹ́jọ ó lé díẹ̀ sáré náà. Ọdún 36 gbáko ni ò fi sẹ́ni tó lè já rẹ́kọ́ọ̀dù náà gbà, àfìgbà tí Pete Kostelnick fi ọjọ́ 42, wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 30 sá a lọ́dún 2016.

Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Kansas jáde láti bá a sáré díẹ̀. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé asáré ló rí tó ń rọra yí lọ. Kò rí asáré kankan. Ni ariwo bá ta. Ìpalára dá a dúró kó tó dé New York, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀ ní káwọn onímọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àbájáde wọn ni pé ó gba ìrànlọ́wọ́ tí kò tọ́. Òun ní òun ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ìdí nìyẹn táwọn asáré fi ń so aago tó ń bá sátẹ́láìtì ṣiṣẹ́ mọ́ ọwọ́. Aago náà ń kọ ibi téèyàn gbà àti ìṣẹ́jú tó gbà á sílẹ̀, gbogbo ayé á sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá fi hàn pé ẹnì kan fi ìṣẹ́jú kan rin kìlómítà kan, kò sẹ́ni tó nílò babaláwo kó tó mọ̀ pé mọ́tò ló wọ̀. Wọ́n tún máa ń ya ẹni tó lérò tó ń gbé omi àti oúnjẹ tẹ̀ lé e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ra tiẹ̀ lọ́nà, àti ẹni tó gbé gbogbo ẹrù ẹ̀ láti ilé.

Ilẹ̀ Yorùbá ò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyì ẹsẹ̀ tó yá. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé láàárín Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ìlú méjèèjì jìnnà síra tó nǹkan bíi kìlómítà 50. Àwọn ìlàrí Aláàfin, tí wọ́n máa ń fá apá kan orí wọn, ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọba káàkiri. Nínú gbogbo ẹni tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn, ó dájú pé ẹnì kan wà tó yá ju gbogbo wọn lọ. Àgbàlagbà wo ló lè dárúkọ ẹ̀ lónìí? A ò kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, wà lórí òkè, gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n. Ààfin Ọ̀yọ́ náà ò fara sin. Ọ̀nà wà, ìbẹ̀rẹ̀ wà, òpin sì wà. Àmọ́ kò yẹ kẹ́nikẹ́ni torí òkìkí lọ fi ẹ̀mí ẹ̀ ṣòfò láàárín tírélà. Kẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kó fi òkè Ọjà'ba sí Màpó mọ ara ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ọjà tó kún. Bó bá dọjọ́ gan-an, kó má dá lọ, káwọn ará ilé ẹ̀ sì mọ wákàtí tó gbéra.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é, kó kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú ẹ̀ sílẹ̀, kó sì fi han aráyé. Ọmọ tó máa já a gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lè máa gbé bàtà sílẹ̀ sáré lọ sílé ìwé ní Bẹẹrẹ báyìí.