Àdéhùn Òwò àti Iye Ìrẹsì

Láti Alápẹ̀rẹ̀ dé ọjà Mile 12 kò jìnnà. Bí a bá dúró níbẹ̀ tí a béèrè iye ìrẹsì, ọ̀rọ̀ àdéhùn òwò ni a ń béèrè, bí a kò tilẹ̀ mọ̀.

Orílẹ̀-èdè a máa gba owó-bodè lórí ọjà àjèjì. Owó yìí a máa mú kí ọjà náà wọ́n, a sì máa dáàbò bo àgbẹ̀ ilé. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò dín in kù fún ara wọn, ọjà yóò dínwó fún ẹni tí ń rà, ẹni tí ń tà yóò sì rí oníbàárà púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ààbò àgbẹ̀ ilé yóò dínkù.

Èkó níhìn-ín ni a ti fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọdún 1975. Ní oṣù keje ọdún 2019, Nàìjíríà tún fọwọ́ sí AfCFTA ní Niamey, àdéhùn tí yóò mú owó-bodè kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí 90 nínú 100 irú ọjà tí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà ń tà fún ara wọn. Ẹ wá wo ohun ìyanu: ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni ìjọba ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀, ti Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú! Oṣù kejìlá ọdún 2020 ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí wọn.

Ìrẹsì wà lára ohun tí ó fà á. Owó-bodè rẹ̀ ga ní Nàìjíríà, ó kéré ní Benin. Nítorí náà ìrẹsì Thailand a máa gúnlẹ̀ sí Kútọnu, àwọn onífàyàwọ́ a sì gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kò lè di ti Benin nítorí pé ó sùn ní Kútọnu. Ìdí nìyí tí àdéhùn fi ń béèrè ibi tí ọjà ti ṣẹ̀: èyí tí a gbìn tàbí tí a ṣe nílẹ̀ àwọn tí ó fọwọ́ sí i nìkan ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ẹnubodè títì náà mú inú àgbẹ̀ onírẹsì dùn, ṣùgbọ́n iye ìrẹsì ga, ó sì ni àwọn tí ń se oúnjẹ lára. Èmi kò bá ìjọba wí pé ó lé onífàyàwọ́. Àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ̀-òyìnbó ní Benin ni àánú wọn ṣe mí: nínú oko wọn gan-an ni ọjà wọn ti ṣẹ̀, síbẹ̀ ọ̀nà Nàìjíríà dí mọ́ wọn.

Òwò lábẹ́ AfCFTA bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2021. Ọdún 5 ni a fún irú Nàìjíríà láti mú owó-bodè wọ̀nyí kúrò. A fún irú Benin, tí ọrọ̀ wọn kéré, ní ọdún 10.