Ìdí Tí Ọkọ̀ Òfurufú Ajagun Ìgbàlódé Fi Ń Gbé Ohun Ìjà Sínú Ikùn

Bí a bá wo àwòrán ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ òfurufú ajagun, a ó rí àdó olóró àti mísáìlì tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ìyẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìyẹ́ F-22 àti F-35 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, J-20 ti ilẹ̀ Ṣáínà àti Su-57 ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà lè mọ́ tónítóní, síbẹ̀ kí wọ́n dira ogun. Inú ikùn ọkọ̀ ni ohun ìjà wọn wà, nínú yàrá tí a fi ilẹ̀kùn sé. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ìfarapamọ́ náà ń ná àwọn tí ń lò ó.

Kí ni ó fa yàrá inú ikùn?

Rédà ni olórí ìdí. Ẹ̀rọ yìí a máa rán ìgbì tí ojú kò lè rí jáde. Bí ìgbì náà bá kọlu nǹkan tí ó sì padà, ẹni tí ń ṣọ́ ojú òfurufú yóò mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá ara ọkọ̀ afarapamọ́ lọ́nà tí ìgbì tí ó bá kàn án yóò fi yà gba ibòmíràn lọ. Mísáìlì kan ṣoṣo tí a so mọ́ ìta, pẹ̀lú irin tí ó gbé e dúró àti igun tí ó wà láàárín wọn, lè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́.

Ìdí kejì ni eré. Ohun tí a so mọ́ ìta a máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́. Nítorí eyí ni F-102 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1956, ṣe ń gbé mísáìlì sínú ikùn kí ọ̀rọ̀ ìfarapamọ́ tó gbilẹ̀.

Àyè kò gba gbogbo ẹrù

Epo, ẹ̀rọ, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀rọ àti ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń balẹ̀ ni wọ́n jọ ń du ikùn kan náà. F-22 lè gbé mísáìlì AIM-120 mẹ́fà (6) sínú ikùn, pẹ̀lú AIM-9 kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó lè gba ibẹ̀, wọ́n ní láti gé ìyẹ́ mísáìlì náà kúrú.

Ẹ̀kọ́ kan náà wà lára F-35. F-35A àti F-35C lè gbé àdó olóró tí ó wọn nǹkan bí kílógíráàmù 900 sínú yàrá wọn. F-35B ní fáànù ńlá kan lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, èyí tí ó ń jẹ́ kí ó lè balẹ̀ lóòró bíi hẹlikọ́pítà. Fáànù náà gba àyè, nítorí náà àdó olóró inú yàrá tirẹ̀ kò ju nǹkan bí kílógíráàmù 450 lọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí

Etí ilẹ̀kùn yàrá náà dà bí eyín ayùn, kí ìgbì rédà má baà padà tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣí, ihò àti igun inú rẹ̀ hàn síta, ìfarapamọ́ sì dínkù. Ìdí nìyí tí ó fi gbọ́dọ̀ ṣí kí ó sì pa dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tún ń bẹ níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ìgò, ìgò náà yóò dún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjì tí ń sáré kọjá lẹ́nu yàrá náà ṣe ń mú kí inú rẹ̀ hó. Ariwo náà lè ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 160 lọ, ó sì lè ba ẹ̀rọ inú mísáìlì jẹ́. Ní ọdún 1964, J. E. Rossiter, onímọ̀ kan ní Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlànà ìṣirò kan jáde tí a fi lè mọ irú ìró tí ihò bẹ́ẹ̀ yóò mú wá. Àwọn onímọ̀ a máa gbé irin pẹlẹbẹ dúró ṣíwájú ẹnu yàrá láti dín ariwo náà kù.

Ìjì kan náà lè gbá ohun ìjà padà lu ọkọ̀ tí ó gbé e, kí ó sì gbẹ̀mí awakọ̀. Nítorí náà, F-22 kì í kàn jọ̀wọ́ AIM-120 kí ó já bọ́. Apá irin alágbára ni ó ń tì í jáde kí iná rẹ̀ tó ràn. Ní ti J-20, mísáìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a yọ síta, ilẹ̀kùn a sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀, mísáìlì náà a wá dúró de àṣẹ.

Iye tí ìfarapamọ́ ń ná ni

Awakọ̀ tí ó bá ti yin gbogbo èyí tí ó wà nínú ikùn tán kò ní òmíràn, àfi kí ó padà sílé. Bí wọ́n bá ti run rédà ọ̀tá, F-35 lè so ẹrù púpọ̀ sí i mọ́ abẹ́ ìyẹ́, ṣùgbọ́n yóò hàn sí rédà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá ń ṣe irú ọkọ̀ yìí ní láti yàn láàárín púpọ̀ tí ọ̀tá rí àti díẹ̀ tí kò rí. Àwọn tí ó yan díẹ̀ gbà gbọ́ pé mísáìlì mẹ́fà tí ó dé láìròtẹ́lẹ̀ lágbára ju èyí tí ọ̀tá ti ń retí lọ. Àwọn àgbà sì ti wí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.