Oore Láàárín Ẹlẹgbẹ́ Ẹni: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ẹnìkan kó owó ìlú jẹ ní Àbújá tàbí ní Abẹ́òkúta, kíá ni gbogbo wa ń dá a lẹ́bi. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti dá. Èyí tí ó ṣòro ni ti ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà tí ó wà láàárín olùkọ́ méjì tí wọ́n jọ ń jókòó ní iyàrá kan náà, tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán, tí ọmọ ọ̀kan sì ń pe èkejì ní Bàbá. Ọlọ́pàá kò sí nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, adájọ́ kò sì sí níbẹ̀. Ìtìjú nìkan ni ó wà níbẹ̀, ìtìjú náà ni kì í sì í jẹ́ kí a sọ ọ́ jáde títí yóò fi di ìjà. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, pàápàá jù lọ ní ilẹ̀ Yewa, níbi tí a ti ń ná owó orílẹ̀-èdè méjì ní ọjà kan náà.

Kò sí àní-àní pé àwọn tí ń gba owó oṣù pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Láti January 17, 1955, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ni iṣẹ́ olùkọ́ ti dé àwọn abúlé tí kò mọ̀ ọ́n rí. Comprehensive High School bẹ̀rẹ̀ ní Ayétòrò ní 1963. A dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976. Poli ti Ìjọba Àpapọ̀ sì dé Ìlaró ní 1979. Ibi tí owó oṣù bá wà, ibẹ̀ ni èésú, owó yíyá àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù máa ń wà, nítorí pé owó oṣù a máa tán kí oṣù tó tán. Kò sí ẹ̀bi kankan nínú èyí. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ fún ojú àánú nìkan. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé bí èésú ti rí: iye kan pàtó ni olúkúlùkù ń dá, ní ọjọ́ kan pàtó, ní ibì kan pàtó, a ó sì máa kó gbogbo rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kárí. Ó sọ̀rọ̀ ológò pẹ̀lú, ẹni tí olówó ń rán lọ dógò ti onígbèsè, tí yóò jókòó ti ilé rẹ̀, tí yóò sì máa yọ wọ́n lẹ́nu títí wọn yóò fi san owó náà. Líle ni àṣà ológò, a kò sì fẹ́ kí ó padà wá. Ohun tí a fẹ́ kí a rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn ni ó mọ iye owó náà, tí wọ́n mọ ọjọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì mọ ẹni tí ìyà yóò jẹ bí a kò bá san án. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé Nàìjíríà ní 1935, àṣà tí ó bá nílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí onídùúró. Lágbájá fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà láti fi parí ilé rẹ̀. Ẹgbẹ́ ní kí ó mú onídùúró méjì wá. Ó gbé ìwé tọ ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lọ. Orúkọ kíkọ kò gba ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ohun tí orúkọ náà ń wí ni pé, “Bí ẹni yìí bá kú, tàbí bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí bí ó bá gba ẹnubodè kọjá lọ tí a kò rí i mọ́, ẹ máa yọ owó náà láti inú owó oṣù mi.” Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ béèrè iye tí ó wà nínú ìwé kí wọ́n tó kọ orúkọ sí i. Ẹni tí ó bá sì béèrè, wọn a ní ó ń ṣe ìlara.

Ọ̀rọ̀ náà a wá le jù nígbà tí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ilé-ìwé ni ó gbé ìwé náà wá síwájú olùkọ́ tí kò tíì lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Báwo ni ọmọdé yóò ṣe wí fún àgbà, tí í ṣe ọ̀gá rẹ̀, pé òun kò ṣe é? Ẹni tí kò láyè láti wí pé rárá, a kò lè ka bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà, èrò tiwa ni pé kí ọ̀gá má ṣe béèrè ìdúró lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ rárá. Kí ó lọ bá àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí onídùúró pẹ̀lú má sì ṣe dúró fún iye tí òun fúnra rẹ̀ kò lè san láìjẹ́ pé ebi pa ọmọ rẹ̀.

Síbẹ̀síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tí ó yá owó ni ó jẹ̀bi. Ní October 2022, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n ń bínú sí ni owó alájẹṣẹ́kù tí a ti yọ kúrò nínú owó oṣù wọn, ṣùgbọ́n tí kò dé ọwọ́ ẹgbẹ́ wọn. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, onígbèsè ti san owó ní tirẹ̀, ìwé ẹgbẹ́ ṣì ń pè é ní ajẹgbèsè, onídùúró rẹ̀ sì ń wò ó bí ọ̀dàlẹ̀. Kí a tó bá ọ̀rẹ́ jà, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ìwé owó oṣù rẹ̀.

Ẹjọ́ kejì ni ti owó sẹ̀fà. Ká ní ní May 2023, olùkọ́ kan yá sẹ̀fà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilé ìfowópamọ́ àgbà ti Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,400 ní February 2024. Sẹ̀fà kò ṣubú bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ti so ó mọ́ owó Yúróòpù láti 1999. Onígbèsè wá kó náírà wá ní iye tí wọ́n fi ṣírò rẹ̀ ní May. Olówó ní, “Eléyìí kò tó ìdajì ohun tí mo fún ọ.” Onígbèsè ní, “Owó oṣù mi kò kúkú lé.” Àwọn méjèèjì ni ó ń sọ òtítọ́.

Ìdájọ́ wa nìyí. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀fà ni a kà sí i lọ́wọ́, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, sẹ̀fà ni yóò dá padà, tàbí iye rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ń san án. Ẹni tí ó yá apẹ̀rẹ̀ àgbàdo kan nígbà ọ̀pọ̀, bí ìyàn tilẹ̀ mú, apẹ̀rẹ̀ kan ni yóò gbé padà. Ṣùgbọ́n nítorí pé owó oṣù kò lé, ó tọ́ kí olówó fi oṣù kún oṣù fún un, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó yá ènìyàn ní náírà kò gbọ́dọ̀ wá fi sẹ̀fà ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹjọ́ kẹta ni ó kéré jù lójú, òun ni a sì rò pé ó burú jù. Tàmẹ̀dù ní ohun tí ó fẹ́ rà ní Ìdìrókò ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a kọ orúkọ sínú ìwé tí àwọn olùkọ́ fi ń jẹ́rìí pé àwọn dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí ó dé, ó gbé àbọ̀ àpò ìrẹsì wá fún ọ̀rẹ́ náà. Ó yẹ kí a rántí pé ní 2016 ni ìjọba fi òfin de kíkó ìrẹsì gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, pé ní August 2019 ni wọ́n ti ẹnubodè pa, àti pé Ìdìrókò kò ṣí padà títí di April 2022. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí ó wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ ju ìrẹsì lọ. Bí ó bá jẹ́ owó ni Tàmẹ̀dù nà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ náà ìbá pè é ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí pé ìrẹsì ni, ó pè é ní ẹ̀mí ìmoore. Ní ọjọ́ Ẹtì mìíràn, kò ní ẹnu láti kọ̀ mọ́.

Ta ni ó san owó ìrẹsì náà? Àwọn ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì láìrí olùkọ́ ni, àti àwọn òbí wọn tí ń ro oko ẹ̀gẹ́, tí wọ́n gbà pé ọmọ àwọn wà níbi ẹ̀kọ́. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ń ṣe àdéhùn.

A mọ̀ pé ẹnìkan lè wí pé, “Bí ọmọ ẹlẹgbẹ́ mi bá ń ṣàìsàn ńkọ́?” Ẹ bá a kọ́ kíláàsì rẹ̀, kí ọ̀gá sì mọ̀ sí i. Nígbà náà, òógùn ara yín ni ẹ fi ṣe oore. Ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an nìyẹn. Oore tí a fi ohun tiwa ṣe, oore ni. Èyí tí a fi ohun ẹlòmíràn ṣe, olè ni, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kò sì yí i padà. Ẹni tí a gbé láti abúlé wá sí ìlú nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni, ẹnìkan ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni náà kò sì ṣẹ̀ wá.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ wa, ẹ má ṣe torí èyí dẹ́kun àtiran ara yín lọ́wọ́. Ẹ sọ iye owó àti ọjọ́ rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń bẹ̀ láyè láti kọ̀, kí ẹ má sì ṣe bínú bí ó bá kọ̀. Ẹni tí ó bá sì jẹ gbèsè, kí ó san án, nítorí ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó ti bẹ́gi dínà egbèje. Kì í sì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe fún gbogbo ẹni tí yóò tún wá yá owó lọ́la.