Ipá-Ìtì, Ìṣàn àti Ìṣẹ́kù: Èdè-Ìperí fún Títò àti Mímójútó Bátìrì Lítíọ́mù

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni iná nínú èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Iná ni a fi ń se oúnjẹ, iná ni a ń tàn lálẹ́, iná náà ni ó sì ń gba inú waya kọjá. Fún ìgbésí ayé ojoojúmọ́, kò sí ìṣòro nínú èyí. Ẹni tí ó bá ní ‘wọ́n ti mú iná lọ’ kò sọ ohun tí ó rúni lójú.

Bí a bá dé ìdí bátìrì, ọ̀rọ̀ yí padà. ‘Iná rẹ̀ kò lágbára’, ‘iná kò wọlé sí i’, ‘iná inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán’: nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbólóhùn mẹ́ta yìí ń tọ́ka sí, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Ní ayé bátìrì olójé àtijọ́, ìdàpọ̀ yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára púpọ̀. Bátìrì lítíọ́mù ti sọ ọ́ di ohun tí ó lè múni ṣìnà, nítorí pé ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kò lè ka ohun tí mítà ń sọ fún un. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ ní èdè-ìperí tí ó dúró ṣinṣin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

2. Láti ilé-àfọkọ̀fà dé Ìhùnbọ̀

Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn a máa fi ọkọ̀ fa ilé kékeré kan tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n bá ń lọ lo ìsinmi. Ilé náà ní ibùsùn, ibi ìdáná àti fìríìjì, àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ni ó ń gbé e. A lè pè é ní ilé-àfọkọ̀fà. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé inú igbó tàbí etí òkun ni a ń gbé e lọ, ó di dandan kí ó máa gbé iná tirẹ̀ lọ pẹ̀lú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ àti ọkọ̀ ojú omi kékeré ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlò bátìrì lítíọ́mù oní-fóòtì 12 ń bá sọ̀rọ̀.

Ìhùnbọ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lójú ọ̀nà tí ó lọ sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Kò sí ẹni tí ń fi ọkọ̀ fa ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ilé-àfọkọ̀fà ń wá ni ilé ìtajà àti ilé gbígbé agbègbè náà ń wá: iná tí kò gbára lé waya ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ ni àbọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí a má ṣe gbé epo lọ sí iléepo tí ó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè, nítorí fàyàwọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó epo sì fò sókè. Kò yani lẹ́nu pé ojú ènìyàn yí sí oòrùn, sí ínfátà àti sí bátìrì. Bátìrì kan náà tí ń tan iná nínú ilé-àfọkọ̀fà ni ó ń tan iná nínú ilé ìtajà, ìwé ìlò kan náà ni ó sì ń bá a wá. Iṣẹ́ ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

3. Nǹkan mẹ́ta tí a ń pè ní iná

Èkíní ni ipá tí ń ti iná jáde láti inú bátìrì. Fóòtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń pè é ní ‘agbára iná’, ṣùgbọ́n orúkọ yìí kò dára tó, nítorí pé agbára ni a tún ń lò fún ohun tí a fi wáàtì wọ̀n. Ipá-ìtì ni orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Èkejì ni iye iná tí ń kọjá nínú waya ní àkókò kan. Áńpíà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìṣàn ni ó yẹ kí a pè é. Ó wúlò láti ṣàkíyèsí pé ní èdè Faransé tí a ń sọ ní Bẹ̀nẹ̀, ní òdìkejì ẹnubodè, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ìṣàn gan-an ni a fi ń pe iná mọ̀nàmọ́ná lápapọ̀. Àwọn náà ní ìdàpọ̀ tiwọn: bí Yorùbá ti fi orúkọ ìmọ́lẹ̀ pe gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Faransé fi orúkọ ìṣàn pe gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni iye tí ó kù nínú bátìrì. Áńpíà-wákàtí ni a fi ń kà á, tàbí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣẹ́kù ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ọlọ́jà àti àgbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Iye tí bátìrì lè gbà bí ó bá kún ni a lè pè ní ààyè-bátìrì. Bí ààyè-bátìrì bá jẹ́ áńpíà-wákàtí 100, tí a sì ti lo 40, ìṣẹ́kù jẹ́ 60.

4. Ìyàtọ̀ láàárín bátìrì olójé àti bátìrì lítíọ́mù

Ará Faransé náà, Gaston Planté, ni ó ṣe bátìrì olójé ní ọdún 1859. Òjé àti ásíìdì ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ti lítíọ́mù, ọdún 1991 ni iléeṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé e dé ọjà. Ní ọdún 2019, a fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Oríṣi tí ó pọ̀ jù nínú ilé-àfọkọ̀fà àti nínú ilé oníná oòrùn lónìí ni èyí tí a fi irin àti fọ́sífétì pa pọ̀ mọ́ lítíọ́mù. Òun ni a ní lọ́kàn nínú àlàyé yìí. Kì í tètè gbiná bí àwọn oríṣi tí a fi kóbọ́ọ̀tì ṣe.

Bí bátìrì olójé bá kún tí ó sì sinmi, ipá-ìtì rẹ̀ a tó nǹkan bí fóòtì 12.7, bí ó bá ku ìdajì, a lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 12.2. Ipá-ìtì ń bá ìṣẹ́kù sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó wo fóòtì tí ó sì sọ pé ‘iná ti dín kù’ kò jìnnà sí òtítọ́, bí kò tilẹ̀ mọ èwo nínú iná mẹ́ta ni òun ń sọ.

Bátìrì lítíọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìṣẹ́kù bá jẹ́ 90 nínú ọgọ́rùn-ún, ipá-ìtì rẹ̀ wà ní nǹkan bí fóòtì 13.3; bí ìṣẹ́kù bá ti di 30, ó ṣì wà ní nǹkan bí 13.0. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan ní gbogbo àkókò yìí. Ìgbà tí ó bá fẹ́ tán pátápátá ni ó máa já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá gba fóòtì gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́kù yóò rò pé iná ṣì pọ̀, títí ilé yóò fi ṣókùnkùn mọ́ ọn lójú. Bí ó bá jẹ́ fìríìjì tí a kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ni ó gbára lé bátìrì náà, àdánù rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

5. Títò ó

Ẹyọ ni a lè pe ìpín kọ̀ọ̀kan tí ó para pọ̀ di bátìrì. Àwọn kan ti lo yàrá, ó sì bá bátìrì olójé mu, nítorí pé inú àpótí kan ni a pín sí yàrá mẹ́fà. Ti lítíọ́mù kò rí bẹ́ẹ̀: ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì ní èèpo tirẹ̀. Ipá-ìtì ẹyọ kan jẹ́ fóòtì 3.2. Bí a bá so ẹyọ 4 tẹ̀léra, a ó rí 12.8. Ìsotẹ̀léra ni èyí. Bí a bá so bátìrì méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ààyè ni ó ń pọ̀, ipá-ìtì kò yí padà. Ìsolẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìyẹn.

Nínú àpótí bátìrì ni ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń ṣọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Aṣọ́bátìrì ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, ará ẹnubodè kò sì nílò àlàyé púpọ̀ lórí rẹ̀. Bí ipá-ìtì ẹyọ kan bá fẹ́ kọjá nǹkan bí fóòtì 3.65 nígbà tí a ń ṣáàjì, yóò ti ilẹ̀kùn àbáwọlé. Bí ó bá fẹ́ lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 2.5 lọ, yóò ti ilẹ̀kùn àbájáde. Ààbò ìkẹyìn ni. Kò yẹ kí ẹni tí ó ni bátìrì máa dúró dè é lójoojúmọ́ kí ó tó mọ̀ pé iná ti tán.

Kí a tó ra bátìrì, ó yẹ kí a ṣe ìṣirò. Ká ní ilé kan ń tan gílóòbù 5 oní-wáàtì 10 fún wákàtí 5, tí ó sì ń lo fáànù oní-wáàtì 60 fún wákàtí 8. Gílóòbù jẹ wáàtì-wákàtí 250, fáànù jẹ 480. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 730. Bí ínfátà fúnra rẹ̀ bá ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó bá gbà, ohun tí yóò jáde nínú bátìrì jẹ́ nǹkan bí 811. Bátìrì lítíọ́mù oní-áńpíà-wákàtí 100 ní wáàtì-wákàtí 1280. Nǹkan bí 63 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ó lò, ìṣẹ́kù yóò sì jẹ́ 37. Bátìrì olójé tí ààyè rẹ̀ tó ìyẹn kò lè ṣe é láìfarapa, nítorí pé kò yẹ kí a máa lò ó kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ waya àti fíyúùsì kò gba àfojúdi. Ínfátà oní-wáàtì 1000 a máa fa nǹkan bí áńpíà 87 láti inú bátìrì oní-fóòtì 12.8. Nítorí náà, waya gbọ́dọ̀ nípọn, kí ó sì kúrú. Fíyúùsì gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí tí ó ní àmì àròpọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ìṣàn tí a ń lò lọ, kò sì gbọdọ̀ ju èyí tí waya lè gbé. Bí orí waya bá dẹ̀, yóò gbóná. Bí irin sípánà bá kan orí méjèèjì pọ̀, ìṣàn tí yóò jáde lè yọ́ irin. Bákan náà, ẹni tí ó gbé bátìrì olójé kúrò tí ó fi lítíọ́mù sí i gbọ́dọ̀ yí ètò ṣájà padà. Fóòtì 14.2 sí 14.6 ni ó yẹ lítíọ́mù. Ètò tí ń gbé bátìrì olójé kọjá fóòtì 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mú yàrá rẹ̀ dọ́gba gbọ́dọ̀ di pípa.

6. Mímójútó ìṣẹ́kù

Bí fóòtì kò bá lè sọ ìṣẹ́kù, kí ni yóò sọ ọ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń ta gààrí. Ọlọ́jà kì í fi ojú lásán wo àpò láti mọ iye tí ó kù. Ó mọ iye kóńgò tí ó wọ inú àpò, ó sì ń ka iye tí ó ti wọ̀n jáde.

Ohun tí ń ṣe irú kíkà yìí fún bátìrì ni irin pẹlẹbẹ kan tí a máa ń so mọ́ waya tí ó ti orí alámì àyọkúrò wá. A lè pè é ní akàṣàn, nítorí pé ìṣàn ni ó ń kà. Bí ìṣàn bá gba inú rẹ̀ kọjá, ipá-ìtì tí ó kéré púpọ̀ a já sórí rẹ̀. Nínú oríṣi kan tí ó wọ́pọ̀, áńpíà 500 a mú ìdá 50 nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì wá. Áńpíà 50 a mú ìdá 5 wá. Mítà ń ka èyí ní ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú, ó ń ro ohun tí ó wọlé pọ̀, ó ń yọ ohun tí ó jáde kúrò, ó sì ń kọ ìṣẹ́kù sí ojú rẹ̀.

Ohun méjì ni ó lè ba kíkà yìí jẹ́. Èkíní ni fàyàwọ́. Bí waya àyọkúrò ínfátà tàbí ti páńẹ́ẹ̀lì oòrùn bá lọ tààrà sórí bátìrì láìgba inú akàṣàn, iná yóò máa wọlé tàbí jáde láìsí ẹni tí ó kà á. Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó wà lórí bátìrì ní ìhà àyọkúrò: akàṣàn. Ohun gbogbo yòókù yóò wà ní òdìkejì rẹ̀. Èkejì ni àṣìṣe kéékèèké tí ń kóra jọ. Nítorí èyí, a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí bátìrì kún pátápátá lóòrèkóòrè, kí mítà lè tún ka ìṣẹ́kù sí 100. Bí ọlọ́jà ṣe ń tú àpò wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ìwé àti ọjà bára mu ni. Nínú mítà náà ni a ti kọ́kọ́ ń tẹ ààyè-bátìrì sí. Bí a bá kọ 200 fún bátìrì oní-100, irọ́ ni yóò máa pa.

7. Iṣẹ́ ògbufọ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìwé ìlò tí a kọ fún ilé-àfọkọ̀fà máa ń kìlọ̀ gidigidi pé kí a má ṣe ṣáàjì bátìrì lítíọ́mù bí ojú ọjọ́ bá tutù dé ibi tí omi ti ń di yìnyín. Òtítọ́ ni, ó sì yẹ kí ó wà nínú ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ní Ìhùnbọ̀, ooru ni ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò fi òdiwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 45 ṣe òpin ìgbà tí a lè ṣáàjì, abẹ́ òrùlé páànù tí kò ní fèrèsé sì lè gbóná sún mọ́ ọn. Ògbufọ̀ tí ó fi gbólóhùn kan túmọ̀ ìkìlọ̀ ooru, tí ó fi odindi ìpínrọ̀ túmọ̀ ti yìnyín, tẹ̀lé ìwé, ṣùgbọ́n kò dáàbò bo ẹni tí yóò kà á.

Ní ti ọ̀rọ̀ àyálò, kò sí ìdí láti lé bátìrì, waya, fíyúùsì, ínfátà àti mítà kúrò. Wọ́n ti di ọmọ ilé. Ibi tí ó ti yẹ kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni ibi tí àìsí ọ̀rọ̀ ti ń da òye rú.

8. Àkójọ èdè-ìperí

ààyè-bátìrì: iye tí bátìrì lè gbà bí ó bá kún, áńpíà-wákàtí ni òdiwọ̀n rẹ̀.
akàṣàn: irin tí ìṣàn ń gbà kọjá kí mítà lè kà á.
aṣọ́bátìrì: ẹ̀rọ inú bátìrì tí ń ti ilẹ̀kùn bí ewu bá dé bá ẹyọ kan.
ẹyọ: ìpín kan tí ó dá dúró nínú bátìrì.
ilé-àfọkọ̀fà: ilé kékeré tí ọkọ̀ ń fà.
ipá-ìtì: ipá tí ń ti iná jáde, fóòtì ni òdiwọ̀n rẹ̀.
ìṣàn: iye iná tí ń kọjá ní àkókò kan, áńpíà ni òdiwọ̀n rẹ̀.
ìṣẹ́kù: iye tí ó kù nínú bátìrì.
ìsolẹ́gbẹ̀ẹ́: síso pọ̀ tí ń fi kún ààyè.
ìsotẹ̀léra: síso pọ̀ tí ń fi kún ipá-ìtì.

9. Ìkádìí

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi máa kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe fún iná mọ̀nàmọ́ná, nítorí pé ohun tí ó ti wà nínú ilé àwọn ènìyàn ni. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ dán èdè-ìperí yìí wò lè gbé bátìrì kan, mítà kan àti gílóòbù kan wọ kíláàsì, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó rí láìlo ọ̀rọ̀ náà, iná. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè sọ pé ipá-ìtì kò yí padà, pé ìṣàn jẹ́ áńpíà báyìí, pé ìṣẹ́kù sì ti dín kù, ó ti mọ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ni bátìrì mọ̀.